Ìgò Mínírà Méjì

Ẹni tó ní kí n kó ìgò àtijọ́ méjì tó wà lórí ọmọrí àmù yìí dànù, jókòó síbí. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kan ìkòkò yìí kẹ́ ẹ gbọ́. Ó dún gbọ̀-ọ̀-ọ́n, àbí? Ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń rìn káàkiri inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Èyí tó bá sán, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa dún, pẹ́, á sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lẹ́nu. Mi ò kàwé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò nílé-ìwé, ọjọ́ kẹta òjò lé wa wálé, mi ò sì padà. Etí yìí ni ìwé ẹ̀rí mi, kò sì sí akọ̀wé tó lè ta ìkòkò sísán fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nǹkan sán lójú mi tí mi ò gbọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má wò mí bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ẹ̀rín ni mo máa fi sọ ọ́, torí ẹ̀rín ni ẹni tó ni ìtàn náà fi gbé ayé.

Ìkòtún tí mo bá, ẹ ò bá a. Téèyàn bá dúró níwájú ìsọ̀ mi nígbà yẹn tó kọjú sí ọ̀nà Ìgàndò, koríko ló máa rí, ó ga ju ọkùnrin lọ, lékeléke á bà sórí rẹ̀ funfun báláú, á dà bí ẹni pé ẹnì kan sá aṣọ síbẹ̀ tó gbàgbé. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìyànà Ìpájà, eruku rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà la máa gbọ́ ohùn rẹ̀, a sì lè gúnyán tán kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú. Ẹ̀gbẹ́dá ni ọ̀làjú dé dúró nígbà náà. Àwa tá a wà n'Íkòtún, wọ́n ní ará oko ni wá. Ará oko náà ló ń sùn láìti fèrèsé! Nísinsìnyí tí ìlú ti là, ẹ wo irin tó wà lójú fèrèsé yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́lé, ẹ̀yin náà lẹ wà lẹ́wọ̀n.

Kò sí fíríìjì. Àmù ni fíríìjì. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ló máa ń lọ kó ìkòkò wá láti Ìlọrin. Wọ́n á tò wọ́n sínú koríko gbígbẹ kí wọ́n má baà fọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá já wọn sílẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa gbóòórùn koríko Ìlọrin. Nínú ilé, àmù á jókòó sórí yanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ yàrá, rinrin á hù nídìí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Tí oòrùn bá mú, tẹ́ ẹ ṣí ọmọrí, òórùn amọ̀ á kọ́kọ́ kí yín kí omi tó kí yín. Omi fíríìjì yín yẹn, eyín ló ń dùn. Omi àmù, ọkàn ló ń dé. Nígbà míì tí mo bá jókòó báyìí ní ọ̀sán, tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo tún máa ń gbọ́ ohùn ife tó kan ẹnu àmù, kó-kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Àwọn tó mọ inú àmù jù wá lọ ni wolé-wolé. Ẹ̀yin ò mọ wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, kakí ni wọ́n ń wọ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wọ ilé onílé kiri láti wò bóyá ó mọ́. Wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sínú àmù, wọ́n á máa wá tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan, ó di ilé ẹjọ́. Olórí wọn ládùúgbò tiwa ni Ọ̀gá Ògúndélé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin gbọọrọ tí kì í rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé ìjọba ló ń gbowó orí lórí eyín rẹ̀. Tẹ́nì kan bá ti rí fìlà rẹ̀ nísàlẹ̀ òpópónà, á ké: "Wolé-wolé dé o!" Ẹ ó máa gbọ́ gbuu, gbuu, gbuu láti ilé dé ilé, gbogbo obìnrin ń da omi àmù nù. Ẹ̀yìnkùlé á di odò. Omi tá a dà nù nítorí ẹ̀fọn, inú rẹ̀ gan-an lẹ̀fọn máa yé sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìjọba rò pé ìmọ́tótó ni àwọn ń kọ́ wa. Eré sísá ni wọ́n kọ́ wa.

Kì í sì í ṣe ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹ wo apá mi. Ojú bupá rèé, èyí tí wọ́n fi dènà ìgbóná, àrùn tí àwọn àgbà kì í dárúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé abúlé wa, ìyá mi àgbà kó gbogbo wa wọ inú oko àgbàdo. A dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, èèrà ń gún wa ní bupá tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú wa. Nígbà tó wá pẹ́ tí ìgbóná lọ tí kò padà wá mọ́, ìyá àgbà ń sọ káàkiri pé òun ló fọwọ́ ara òun mú wa lọ gba bupá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó sá jù ló máa ń mọ ìtàn ìgboyà sọ jù.

Nínú ilé wa n'Íkòtún, àbúrò ọkọ mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, abígbẹ̀yìn ìyá wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Eyínfunjowó ni mo sọ ọ́, torí eyín rẹ̀ funfun, kò sì jẹ́ kó sinmi. Òun náà kì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju "Ìyàwó wa" lọ. Gbogbo nǹkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Iléyá ọdún kan, àgbò aládùúgbò wa já okùn, ó yà sí iwájú ìsọ̀, ó ki orí bọ àmù òfìfo, ó ké mẹ̀-ẹ̀-ẹ̀. Àmù dá a lóhùn. Ó tún ké. Àmù tún dá a lóhùn, ohùn tàmù sì ki ju tirẹ̀ lọ. Inú bí àgbò. Ó fẹ̀yìn rìn, ó sáré bọ̀, ó kan àmù yẹn, ó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ti fọ́ méje kí wọ́n tó mú un. Èmi ń pohùn réré ẹkún. Eyínfunjowó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú jàre. Oníbàárà tó rajà jù lọ́dún yìí nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ta ló lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà?

Ọdún tí àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kọ́kọ́ dé, àwọn sọ́jà ló ń ṣèjọba, òjò ọdún náà kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Kànga kún dé ẹnu. Ṣáláńgá náà kún. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, a ò mọ̀, à ń mu ún. Onígbáméjì ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn, torí igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Ẹni tó bá kì mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tí kò bá rí ìtọ́jú tó yẹ, ìrọ̀lẹ́ lè má bá a.

Ohun tí ìjọba ṣe rèé. Wọ́n fún àwọn wolé-wolé ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi tapólì bò. Ilé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń bì, wọ́n á dé, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri, wọ́n á lọ. Wọn ò ní sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọn ò jẹ́ kí ìyá bá ọmọ lọ. Èèyàn méjì ni wọ́n gbé ní òpópónà tiwa, a ò rí ọ̀kankan kó padà. Bóyá wọ́n sàn tán, wọ́n gba ibòmíràn lọ, mi ò mọ̀. Ohun tójú wa rí ni pé ọkọ̀ ń kún lọ, ó ń ṣófo bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò mí yìí, ṣé ẹ máa gbé èèyàn yín jáde? Àwa náà ò gbé e jáde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gba aláìsàn, ẹ̀yìn àpótí gbà á, ilé ìdáná gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Eyínfunjowó ń gbálẹ̀, ó jókòó ti ìgbálẹ̀. Ó ní inú ń run òun. Kí oòrùn tó gùn, a ti ń pààrọ̀ igbá. Ọkọ mi wà n'Ílọrin. Mo ránṣẹ́ sí Ààfáà Búsàrí, aládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, kó wá ṣàdúà fún un. Ó dé, ó ṣàdúà. Rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lórí wíńdò, pé kí á po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi tá a ti sè, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ka iye ṣíbí. Wọ́n ní omi náà kó jẹ́ ìgò bíà kan.

"Mo máa lọ tọrọ ìgò bíà nílé ọtí òdìkejì," mo wí.

Ààfáà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. "Ìgò kí ni? Nínú ilé yìí? Lójú àìsàn?"

"Mo máa fọ̀ ọ́, Ààfáà."

"Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà méje, ìgò ọtí ṣáà lorúkọ rẹ̀."

Eyínfunjowó gbé orí sókè lórí ẹní. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ má gbé ìgò ọtí kàn mí lẹ́nu o. Ẹ ò mọ̀ bóyá ọ̀run ni mo ń lọ. Kí wọ́n má lọ máa gbóòórùn ẹnu mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ìgò mínírà kan wà nílẹ̀, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kékeré yẹn. Mo gbé e. Mo ní, "Ìgò kì í ṣe ìgò ni?" Ààfáà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ìgò ni ìgò. Mo bu ṣúgà, mo bu iyọ̀, iye ṣíbí tí rédíò kà gẹ́lẹ́, mi ò fi ẹyọ kan ṣeré. Mo rò ó, mo gbé e fún un.

Ó mu ún, ó bì í. Mo tún pò ó. Ó tọ́ ọ wò, ó yíjú padà. "Iyọ̀ ti pọ̀ jù, Ìyàwó wa."

"Mu ún," mo wí. "Oògùn kì í dùn."

Ó mu ún nítorí mi. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ sí i, ojú rẹ̀ ń wọlé lọ, mo sì ń pò ó, mo ń fún un, mo ń gbóríyìn fún ara mi pé èmi aláìmọ̀wé yìí ń tẹ̀ lé ìjọba.

Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, a gbọ́: "Wolé-wolé dé o!" Èmi àti ìyàwó Ààfáà gbé e tòun tẹní dé ìsọ̀, a tẹ́ ẹ sẹ́yìn àmù ńlá, mo tò wọ́n bò ó, ìlà mẹ́ta. Ọ̀gá Ògúndélé wọlé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ohunkóhun, ó jókòó sórí ìkòkò kan tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ìkòkò bí ẹni tó fẹ́ rà. Ó kan tìlà àkọ́kọ́, ó dún. Ó kan tìlà kejì, ó dún. Ó na ọwọ́ sí ìlà kẹta. Eyínfunjowó kérora. Kò ju bí ọmọ ológbò lọ. Mo húkọ́, mo pariwo iye owó ìkòkò bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀gá Ògúndélé dá ọwọ́ dúró nínú afẹ́fẹ́. Ó wò mí. Ó dìde, ó ní, "Ìkòkò yín dún dáadáa, Ìyá Oníkòkò," ó sì jáde.

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní mo ti bo ìjọba lójú! Mo sáré wọ ẹ̀yìn láti sọ fún un kó lè rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ là, kò rí mi. Mo ní, "Eyínfunjowó." Mo tún un pè. Ìgbà tí mo pè é nígbà kẹta, mo gbàgbé pé ìyàwó ilé ni mí, mo pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Mo ní, "Ràfátù." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu mi pè é. Wọn ò tíì pe ìrun ọ̀sán.

Ayé ń lọ ṣá. Koríko ọ̀nà Ìgàndò ń dín, ilé ń pọ̀, lékeléke ń wá ibòmíràn jókòó. Sátidé ìmọ́tótó dé, tí sọ́jà ní kí gbogbo èèyàn wà nílé gbálẹ̀ láàárọ̀. Òpópónà á dákẹ́ wẹ́lo, ẹ ó máa gbọ́ ìgbálẹ̀ nìkan, ṣáà, ṣáà, bí ẹni pé ìlú ń mí. A ó kó ìdọ̀tí síta kí wọ́n wá gbé e, wọn ò ní gbé e, afẹ́fẹ́ á fún wa padà. Mo gbé àmù kan síwájú ìsọ̀, sàárà omi fún ẹni tó bá ń kọjá, mo fi ń tọrọ àánú fún Ràfátù. Ìgò mínírà yẹn, mi ò jù ú nù. Mi ò mọ ìdí. Mo gbé e sórí ọmọrí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, sọ́jà mìíràn ló wà lórí oyè, òjò mìíràn ló ń rọ̀, Onígbáméjì kan náà ló padà wá. A gbọ́ pé ó ti wọ apá Abúlé Ẹ̀gbá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan wọ ìsọ̀ mi pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò. Orí rẹ̀ ti hewú. Ọ̀gá Ògúndélé ni. Ó dojú ìkòkò kan délẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó.

"Kakí yín dà?" mo bi í. "Àbí ìjọba ti gbà á lọ fọ̀?"

"Mo fi sílẹ̀ nílé. Kakí ń lé èèyàn sá."

"Ó mà wá yé yín o."

"Ìyá Oníkòkò, mi ò wá wo inú àmù. Ìbéèrè ni mo bá wá. Níbo lẹ máa ń kó aláìsàn pa mọ́ sí?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Olè ń béèrè ibi tí wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ sí."

"Wọ́n ti fẹ́ gbé ọkọ̀ yẹn jáde lọ́la. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan, pé kí n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó sá nígbà yẹn. Ẹ bú mi tán, kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn."

Ẹni tó bá ní kí n bú òun, mi kì í jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bú kakí rẹ̀. Mo bú ọkọ̀, mo bú tapólì, mo bú ọ̀dà pupa, mo bú ẹni tó ṣe tọ́ọ̀ṣì fún un. Ó jókòó, ó ń gbọ́, ó ń nu ojú. Nígbà tí èémí mi tán, ó ní, "Ó ku etí mi tẹ́ ẹ ò tíì bú."

"Kí letí yín ṣe?"

"Ó gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn àmù yín lọ́jọ́ ọ̀hún."

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ìkòkò inú ìsọ̀ mi dákẹ́.

Ó ní, "Mo mọ ibi tí ọkọ̀ wa ń lọ. Ibẹ̀ ti kún, omi ò tó, ọwọ́ ò tó. Mo rò ó pé ó sàn kó wà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Mo dìde, mo lọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú, mi ò mọ ẹni tí mo pa: bóyá òun, bóyá ara mi." Ó wo ilẹ̀. "Kí lẹ fún un mu?"

"Omi oníyọ̀, oníṣúgà. Bí rédíò ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìgò la kàn pààrọ̀."

"Ìgò wo?"

Mo gbé e wá láti orí àmù. Ó yí i lọ́wọ́ síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó dìde, ó kọjá sílé ọtí tó wà ní òdìkejì, ó gbé òfìfo ìgò bíà bọ̀. Ìgò bíà àkọ́kọ́ tó wọ ìsọ̀ mi nìyẹn. Ó bu omi kún ìgò mínírà dé ẹnu, ó rọra dà á sínú ìgò bíà. Omi náà gòkè, ó gòkè, ó dé ìdajì, ó dúró. Ó tún bu ìkejì, ó dà á sí i. Ìgbà náà ló kún.

Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ìdajì. Iyọ̀ ìgò méjì ni mo pò sínú ẹyọ kan. Ó sì sọ fún mi. Ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Èmi ni mo ní kó mu ún.

Ọ̀gá Ògúndélé ò ní kí n má sunkún, inú mi sì dùn sí i pé kò sọ ọ́. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá, èèyàn mélòó ládùúgbò yìí ni kò lè gbé ìgò bíà wọlé?"

"Gbogbo àwa tá à ń kírun," mo wí, "àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó ń lé èṣù jáde láràárọ̀. Ta ló ṣẹ́ kù?"

Ó mi orí. "Àwọn tó jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ṣe ìkéde yẹn ló ṣẹ́ kù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìgò bíà nílé. Kò sí ẹni tó rántí béèrè."

Mo nu ojú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi láti òwúrọ̀, mo sì ti búra pé mi ò ní sọ ọ́. Ààfáà Búsàrí ń bì láti ìdájí. Ìyàwó rẹ̀ ti ká a mọ́ ẹní, ó gbé e sẹ́yìn àpò àgbàdo nílé ìdáná, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mo wo ìgò méjèèjì.

"Tí mo bá mú yín dé ibì kan," mo wí, "ẹ ò ní gbé e jù sínú ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa bá a lọ. A sì máa rí i pẹ̀lú ojú wa."

"Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí ni màá ní ká lò," ló wí. "Ẹ ó máa wò ó lójú fèrèsé. Tí wọ́n bá fẹ́ tì í, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. A gbé Ààfáà dé ibẹ̀ lórí ẹní, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké. Nọ́ọ̀sì kan ń po omi. Ààfáà la ojú díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, ó ní, "Ìgò wo nìyẹn?"

"Mínírà ni, Ààfáà," mo dá a lóhùn látojú fèrèsé. "Méjì."

"Méjì?"

"Ọ̀kan ò tó."

Ó wò mí títí. Ó yé e. Ó di ojú rẹ̀, omi sì jáde níbẹ̀, láti ara ẹni tí kò lómi lára mọ́. Mi ò rí nǹkan tí mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀ títí dòní.

Ó yè. Gbogbo àdúgbò ló dúró lójú fèrèsé ilé-ìwé yẹn bí ẹni ń wo sinimá, wọ́n ń ka ife tí aláìsàn mu, wọ́n ń patẹ́wọ́ fún ẹni tó bá jókòó. Àwọn tó ń fi èèyàn wọn pa mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde fúnra wọn. Ọkùnrin kan gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n dé láti ẹ̀yìn Ìgàndò. Kò sí ẹni tó gbé e ní tipátipá. Àwọn kan ṣì kú, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n kú níbi tí a ti ń rí wọn. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ààfáà di ògiri mú dé ìdí gbohùngbohùn mọ́sálásí, ó ní kí gbogbo ìjọ gbọ́ o: ìgò mínírà méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ó tún un wí.

Ó tó oṣù díẹ̀. Mo ń fi kànìnkànìn fọ ìkòkò láàárọ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, mi ò fetí sí i. Wọ́n ní kí á se omi, wọ́n ka ṣíbí, wọ́n ní ìgò bíà kan. Ọkùnrin tó ń kà á mí díẹ̀, ó ní: tàbí ìgò mínírà méjì. Mo jókòó sínú ọṣẹ. Mi ò mọ̀ bóyá láti ẹnu Ọ̀gá Ògúndélé ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí ìlú ibòmíràn náà ti ṣe àṣìṣe tiwa. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Ìjẹ̀bú, mi ò rí i bi. Ẹ jẹ́ kí n gbà pé òun ni.

Ẹ máa ń sọ pé ìjọba ò gbọ́n. Ìkòkò ni ìjọba, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí ẹnì kan bá rọ sínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí àìsàn bá sì fi ìka kàn án la máa ń mọ̀ bóyá ó sán. Àìsàn tó gba inú ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ pé wọ́n wá ẹni tó fara kan aláìsàn kàn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n béèrè jẹ́jẹ́. Mo ní, hùn, ẹnì kan ti dojú ìkòkò délẹ̀ jókòó. Èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ní ká bo imú, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wa láìbéèrè ohun tá a máa jẹ, mo fi ìka kàn án: pẹ́. Wọ́n gbé ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ síwájú gbogbo ìsọ̀ kí a máa fọwọ́. Ó lọ tán, ike gbẹ, wọ́n fi ń tọ́jú gààrí. Ìwọ̀nba tá a kọ́, à ń yára rọ nǹkan mìíràn lé e.

Àwọn tó ń ra ìkòkò lọ́wọ́ mi báyìí, òdòdó ni wọ́n ń gbìn sínú rẹ̀. Mi ò bínú. Ẹni tó ń kọjá kì í mu omi sàárà mi mọ́, omi inú ọ̀rá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láràárọ̀ mo ń pọn ọ́n kún, mo ń ṣí i, òórùn amọ̀ ń kí mi. Ìgò méjèèjì wà lórí ọmọrí, ẹ má ṣe kó wọn fún oníṣẹ́ ìgò o. Eléyìí tí ẹnu rẹ̀ ti kán díẹ̀ yìí ni mo lò lọ́jọ́ náà. Èyí kejì, lẹ́yìn tí Ọ̀gá Ògúndélé lọ ni mo rà á.

Ìgò kan péré ni mo fún Ràfátù. Gbogbo ìlú ló mu èkejì.